Ẹgbèjìdínlógún Ó Dín Kan

Bàbá mi ti di ẹrù wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn oṣù kan péré lọ́dọ̀ wa ní Kabusa. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ àwọn, pé ilé tí ọmọ ọmọ ẹni kì í ti bá ni sọ̀rọ̀ ni kò rọ àwọn lọ́rùn. Òótọ́ ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí láti ìgbà tí màmá mi ti kú ni mi ò ti fẹ́ kí wọ́n máa dá gbé.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ yìí gbé iṣẹ́ ilé wá: 3,599, ǹjẹ́ nọ́ńbà kan wà tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀? Èmi òṣìṣẹ́ báńkì, mo gbé àyà. Mo fi méje pín in, kò lọ. Mo fi mọ́kànlá, mo fi mẹ́tàlá, títí dé mẹ́tàdínlógójì. Ó sú mi. Mo ní, "Kò sí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà nítòsí, béèrè pé, "Mélòó ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, pẹ̀lú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, sà."

"Kai!" Wọ́n ti kọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Haúsá. "Ṣé òǹkà nìyẹn àbí ìrìn àjò? Ẹgbèjìdínlógún ó dín kan ni."

Àgbẹ̀ ni wọ́n. Igba igba ni wọ́n fi ń ka ebè iṣu, nítorí náà igba lọ́nà méjìdínlógún ni 3,600 lójú tiwọn. Wọ́n ní, "Bí oko bá gún régé, ọgọ́ta ìlà ni, ọgọ́ta ebè nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló dín. Ó ṣeé pín dáadáa."

"Bàbá, mo ti pín in tì."

Wọ́n to ẹ̀pà sórí tábìlì ní ìlà márùn-ún, márùn-ún márùn-ún. Wọ́n mú ẹyọ kan jẹ nínú ìlà ìkẹyìn. Wọ́n wá kó mẹ́rin tó kù níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ìlà mẹ́rin yòókù. Ó di ìlà mẹ́rin, mẹ́fà mẹ́fà, kò sì ṣẹ́ kù.

"Ti ọgọ́ta ńkọ́?" wọ́n bi ọmọ náà.

Ó wo ẹ̀pà títí, ló bá pariwo: "Fifty-nine times sixty-one!"

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ìlà mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ebè mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: 3,599. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ayọ̀ mi ju ìtìjú lọ.

Ọmọ náà fa àga sún mọ́ wọn. Ó ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. "Bàbá, ẹ... ẹ fún mi ní òmíràn." Kò bá wọn sọ Yorùbá rí títí di ọjọ́ náà.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìgbà wo ni ìdánwò rẹ̀?"

"Ó ku oṣù mẹ́ta, sà."

"Ta ló máa kọ́ ọ? Ìwọ tí o ní kò sí?"

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má lọ.

Wọ́n ti ń to ẹ̀pà mìíràn. Wọ́n ní, "Ta ló ń lọ?"