Baba Àtẹ́rígbà, Ẹni Tí Ó Fi Ayùn Kọ́ Òpó ní Ìdúró

Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ olóògbé Baba Àtẹ́rígbà tí kò ní kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tí ó fi ayùn rẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Alága, nígbà tí Alága fúnra rẹ̀ jókòó sínú ọ́fíìsì náà. Lọ́jọ́ náà, Alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ránṣẹ́ pe Òpó, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tí ó ń gbá àárín fún ẹgbẹ́, ipò tí àwọn eléré ń pè ní sẹ́ńtà. Ó fẹ́ sọ fún un bóyá ẹgbẹ́ yóò mú un dúró tàbí kí ó máa lọ sílé. Òpó tètè dé. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Bí ó ti ní kí òun tẹ ẹ̀yìn kí orí òun lè gba ilẹ̀kùn wọlé báyìí, ọwọ́ kan fà á ní bẹ́líìtì láti ẹ̀yìn.

"Dúró síbẹ̀! O ò ní tẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ."

Baba Àtẹ́rígbà, kóòṣì rẹ̀, ni. Káfíńtà ni iṣẹ́ ọwọ́ kóòṣì yìí, kò sì ga ju ìgbọ̀nwọ́ Òpó lọ. Ó gbé àkàbà lé èjìká, ó mú ayùn dání, ó fi pẹ́ńsùlù há etí. Pákó ni wọ́n fi pín ọ́fíìsì náà láti òkè délẹ̀. Kí Òpó tó la ẹnu, Baba ti gun àkàbà, ayùn sì ti ń han lórí àtẹ́rígbà, igi tí ó dábùú orí ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn? Kí lẹ̀ ń ṣe sí ilẹ̀kùn mi?" Alága ló ń pariwo nínú ilé.

"Ẹ ní sùúrù, Alága. Mo fẹ́ kó gba èèyàn ni."

"Kí ló ń gbà tẹ́lẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ lèmi tí mò ń gbà á kọjá lójoojúmọ́?"

"Ká má rí i! Èèyàn tó ga ni mò ń wí."

Nígbà tí igi náà bọ́ sílẹ̀, Òpó rìn wọlé ní ìdúró ṣánṣán. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fẹ́ eruku pákó kúrò lára rẹ̀.

"Baba Àtẹ́rígbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọmọ yìí ti lé lógún ọdún, bọ́ọ̀lù sì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́."

"Alága, èmi ni káfíńtà níbí. Ìrókò tó dàgbà tán ni mò ń rà. Ta ló ń fi ìrókò kékeré kan ilẹ̀kùn?"

Alága wo ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò ní orí mọ́. Ó wo Òpó. Ó ní òun fún un di ìdíje tí ó kẹ́yìn sáà náà, òun yóò sì ṣe ìpinnu lórí pápá lọ́jọ́ náà gan-an. "Kì í ṣe nítorí òwe yẹn o," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbé àkàbà yẹn kúrò lọ́dọ̀ mi ni."

Ó yẹ kí a to ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Òpó lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Alága kàn kórìíra rẹ̀ ni. Èkíní, bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, àyà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ìròyìn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé etí ọwọ́. Èkejì, àwọn tí kò ga dé èjìká rẹ̀ a máa já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń já èso lórí ẹ̀ka tí ó wálẹ̀. Ẹ̀kẹta, fáòlù rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún tí ń lé eléré kúrò lórí pápá, a ti pé kí aṣọ rẹ̀ tó rí òógùn. Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: bí ẹnìkan bá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, òun ni yóò sọ pé, "Ẹ má bínú." Àwọn òǹwòran ni wọ́n sọ ọ́ ní Òpó Iná. "Òpó iná ni," wọn a ní, "ṣùgbọ́n iná ò sí!" Baba Àtẹ́rígbà gé ìdajì orúkọ náà dànù bí ẹni gé pákó. "Òpó ni. Ẹ lọ wo nǹkan tó gbé ilé yín ró."

Bí Baba ṣe mọ àrùn tí ó ń ṣe Òpó, ìtàn gidi ni. Òpó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan, ó ń gbé àpò ìyẹ̀fun, ó sì ń gbé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì Alága tó wáyé, Baba ní òun yóò tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ẹni tí kò lè dákẹ́ ni ó ní òun fẹ́ ṣe amí! Ó ń wúkọ́, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń kọsẹ̀ lára agbada onígúgúrú. Òpó ti mọ̀ láti ìkóríta àkọ́kọ́. Ní ìkóríta kejì, ó dín ìrìn kù, kí àgbàlagbà náà má baà sọ òun nù.

Baba ń wò ó. Òpó tẹ̀ jáde níbi ààrò búrẹ́dì. Ó tẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó tẹ̀ wọ pálọ̀ àǹtí rẹ̀, ó tẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó tẹ̀ wọ balùwẹ̀. Ìgbà tí ó ní kí òun tẹ̀ wọ yàrá òun ni Baba fò jáde láti ẹ̀yìn táǹkì omi.

"Mo ti rí i! Ilẹ̀kùn ló ń kọ́ ẹ ní bọ́ọ̀lù, kì í ṣe èmi! Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ò ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ igi!"

"Ẹ káalẹ́, Baba. Ẹ ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn."

"Dákẹ́, gbọ́ mi. Bó o bá máa jókòó, jókòó. Bó o bá máa dúró, dúró. Bó bá di dandan kó o rẹlẹ̀, orúnkún ni kó o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Orúnkún tó tẹ̀ máa dìde padà. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ ti gbà fún wọn nìyẹn."

Láti ọjọ́ kejì ni ayùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àdúgbò. Baba kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìbéèrè a máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó gbé ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì ga, ó gbé ti onígbàjámọ̀ ga. Nígbà tí àǹtí Òpó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá pálọ̀ rẹ̀ tí òfìfo wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ké.

"Baba, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀fọn!"

"Ìyá, ẹ̀fọn ti ń wọlé yín tipẹ́. Kò kàn tẹ̀ rí ni."

Kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n Baba ni ó ṣiṣẹ́ o. Ká sọ tòótọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ó fi epo pa bọ́ọ̀lù kí ọwọ́ Òpó lè kọ́ ìdìmú, bọ́ọ̀lù náà sì fọ́ fèrèsé méjì. Ó so agbòòrùn mọ́ orí igi gígùn, ó ń gbé e sókè sódò níwájú Òpó bí ẹni tí ó ń dínà bọ́ọ̀lù. Atẹ́gùn gbé agbòòrùn náà, díẹ̀ ló kù kí ó gbé Baba mọ́ ọn. Nígbà tí ó yá, ó rán agogo kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù Òpó, kí ó máa dún nígbàkígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀. Òpó wọ ẹ̀wù náà lọ síbi iṣẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbé àpò ìyẹ̀fun, agogo a dún, àwọn oníbàárà a sì sáré jáde nílé wọn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́: wọ́n rò pé búrẹ́dì gbígbóná ti jáde.

Baba Àtẹ́rígbà kì í jókòó. Ìdúró ni ó fi ń jẹun, ìrìn ni ó fi ń ronú. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, a máa sọ pé lójú oorun pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rin ìrìn àjò. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń bá a jà lé lórí.

"Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ló ti ga. Tiwa ńkọ́?"

"Èmi àti ìwọ ò kúkú ga. Kí ló fẹ́ gbá wa lórí?"

"Òpó ńkọ́? Ṣé orí bẹ́ǹṣì ìta náà ni ọmọ ọlọ́mọ á máa jókòó sí bí ẹni tó wá gba owó iná?"

"Lọ́la ni mo máa ṣe é."

Lọ́la yìí pẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irùngbọ̀n.

Ìdíje tí ó kẹ́yìn ń sún mọ́lé, ọkàn Òpó kò sì balẹ̀. Bí ó bá ń gbé àpò, yóò gbàgbé ibi tí ó ń gbé e lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Baba bá a nílé búrẹ́dì, bàtà ìṣeré rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó ti so ẹnu ọ̀rá náà.

"Baba, ẹ bá mi dá bàtà yìí padà fún ẹgbẹ́. Bóyá òótọ́ ni Alága ń sọ. Bóyá mo ti ga tán láìtíì dàgbà, kò sì sí ohun tó kù."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí wá ṣẹlẹ̀: Baba Àtẹ́rígbà jókòó. Ó jókòó lé àpò ìyẹ̀fun, ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Èmi náà ò mọ̀," ó ní.

Òpó wojú rẹ̀.

"Káfíńtà tó bá sọ fún ẹ pé òun mọ bí pákó tútù ṣe máa gbẹ, irọ́ ló ń pa. Òmíràn á lọ́, òmíràn á là, òmíràn á gbé ilé ró. Egungun rẹ ló sáré ju ẹran ara rẹ lọ. Bóyá ẹran ara á bá a, bóyá kò ní bá a. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì ju pákó dànù rí torí pé ó tutù." Ó dìde. "Tú ọ̀rá yẹn."

Òpó tú u. Baba sì jáde sí títì, ó ń yan lọ bí ọ̀gágun, gbogbo ìdí ṣòkòtò rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí ẹni tí ó ní ìgboyà láti sọ fún un.

Ọjọ́ ìdíje pé. Baba ń sáré lẹ́bàá pápá, ó ń ké ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Orúnkún! Orúnkún!" Ohùn rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ kejì fi ń wo orúnkún tiwọn, wọ́n sì ti pàdánù bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbójú sókè. Rẹfirí pàṣẹ pé kí ó jókòó. Ó jókòó. Àmọ́ òun ni ó kan bẹ́ǹṣì náà, ó sì fúyẹ́. Ó fi ìdí wọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. "Ó ní kí n jókòó," ó ń sọ fún ẹni tí ó bá lọ́nà. "Kò sọ ibi tí mo máa jókòó sí."

Òpó ti gba fáòlù mẹ́rin. Ọ̀kan sí i, ó parí. Aago ń lọ sópin. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i lábẹ́ àwọ̀n. Ó tẹ orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù lu irin, ó padà. Òpó fò, ó tún mú un láàárín ènìyàn mẹ́ta. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù tún padà. Ẹnìkan fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Kò sọ pé ẹ má bínú. Òpó tún fò, ó mú un lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra gbé e sínú àwọ̀n bí ẹni gbé ẹyin sínú abọ́.

Ẹgbẹ́ wọn kò kúkú borí. Fèrè dún, Òpó sì dúró sójú kan, ó ń wo ibi tí Alága jókòó sí.

"Ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì," ni Alága wí.

"Ó mú un lẹ́ẹ̀mẹta," ni Baba dá a lóhùn.

Alága nu awò ojú rẹ̀ títí. "Ẹ ní kó wá rí mi lọ́la láti tọwọ́ bọ̀wé sáà tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣì ga."

Sáà méjì ni Òpó fi gbá àárín lẹ́yìn èyí kí Baba tó kú. Kò di àràbà. Ó di ẹni tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan ní ilẹ̀kùn ni, àwọn kan ní àpò ìyẹ̀fun ni, àwọn kan ní ẹran ara ló lé egungun bá. Nígbà tí ìròyìn dé pé Baba kú lórí ìjókòó, níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Kú, ó lè kú. Jókòó kẹ̀?

Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n wá gbé pósí náà jáde nílé rẹ̀, Òpó sì jẹ́ ọ̀kan. Bí wọ́n ti gbé e lé èjìká, ọ̀dọ̀ Òpó tí ó wà lẹ́yìn ga fíofío, pósí náà sì dà síwájú. "Ó tún ti ń sáré!" ni ẹnìkan wí. Ilẹ̀kùn wà níwájú wọn, àtẹ́rígbà rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ Baba sáré lọ gbé ayùn.

"Dá ayùn yẹn padà," ni aránṣọ wí. "Ilẹ̀kùn tí mo bá a gbé nìyí. Ibẹ̀ náà ló máa gbà jáde."

Òpó wo àtẹ́rígbà náà. Ó tẹ orúnkún, díẹ̀díẹ̀, títí èjìká rẹ̀ fi bá ti àwọn yòókù dọ́gba, tí pósí náà sì tẹ́jú bí pákó tí a fá dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò yẹ̀. Báyìí ni ó ṣe kọjá, báyìí náà ni ó sì ṣe rìn títí dé ẹnu ibojì. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó lójú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, tí pósí náà tún ní kí òun dà, ohùn aránṣọ dún lẹ́yìn wọn, ó ha, ó sì rinlẹ̀:

"Orúnkún!"

Àwọn márùn-ún yòókù wo orúnkún wọn. Ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ẹ̀rín tí ó fa omijé lọ́wọ́ jáde. Òpó kò wo tirẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n wà.