Ìbọn Tí Kì Í Dúró Ki Ẹ̀tù

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n Ọládépò, olórí ọdẹ Ìrẹsà, ti dúdú ló ti ń kọ́ àwọn ọdẹ pé bí ọ̀tá bá ti yìnbọn, kí wọ́n sáré bò ó kó tó ki ẹ̀tù mìíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọgbó lé ajínigbé, Ìfẹ́olúwa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ sójà, fi ìbọn tirẹ̀ hàn án.

"Irú èyí ló wà lọ́wọ́ wọn, Bàbá. Ọta rẹ̀ ju ti ìbọn ìléwọ́ lọ, kò tó ti ìbọn ńlá, ẹnì kan lè gbé e sáré. Ẹ yí irin yìí síbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ yí i sọ́hùn-ún, ó di òjò."

Ó yọ àpò ọta, ó ti fi òmíràn sí i kí Ọládépò tó ṣẹ́jú.

Ẹnu ya bàbá. Ó yíjú sáwọn ọdẹ.

"Ẹ gbàgbé ohun tí mo kọ́ yín. Bó bá ti dún, ẹ dojú bolẹ̀."