Téèpù Aláṣọ Tí Mo Wá Dé Sẹ̀mẹ̀

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí téèpù. Bẹ́ẹ̀ ni, téèpù lásán!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ máṣíìnì mi. (Ọ̀kadà ni àwọn ọmọ òde òní ń pè é.) Kò pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì tí mo rà á. Nígbà náà, bí mo bá ń gùn ún lọ sí Sẹ̀mẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun nìkan ni mò ń gbọ́. Ta ló lè dá ìgbà yẹn padà?

Láìpẹ́ yìí, ó di pé kó máa kú sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó kú sí Gbàjì, Sẹ̀nàmi, ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ó ti sú òun láti máa wá gbé mi. Tó bá tún kú, òun á pe àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo kàn pinnu pé kò ní kú mọ́.

Réwáyà kan ní Gbàjì, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, bá mi tú ìjókòó máṣíìnì. Téèpù dúdú tó ń dán ni wọ́n fi wé wáyà abẹ́ rẹ̀ pinpin. Ààbò lèmi pe ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀? Wáyà ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ooru ẹ́ńjìnnì ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Etí òkun là ń gbé, afẹ́fẹ́ wa ní iyọ̀ nínú. Omi rí ibi wọlé, kò rí ibi jáde.

Réwáyà pààrọ̀ wáyà tó bàjẹ́, ó tún nawọ́ sí téèpù dídán yẹn. Mo ní rárá. Mo rántí pé èyí tó bá máṣíìnì wá rí bí aṣọ, tó bá tutù, á gbẹ. Ó ní níbo ni mo ti fẹ́ rí i. Mo ní màá wá a.

Mo wọkọ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Mo sọ fún obìnrin Ègùn kan tó ń ta ẹ̀yà ara máṣíìnì pé téèpù aláṣọ ni mò ń wá. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn èèyàn wá!

"Daagbó, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún ọ̀kadà ni?"

Daagbó ni àwọn Ègùn ń pe bàbá àgbà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé èyí tó ń lẹ̀ ni. Ó ní sikọ́ọ̀ṣì ni kí n wí. Lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ohun tó bá ti ń lẹ̀, sikọ́ọ̀ṣì ni. Ó fún mi ní ti páálí, ó fún mi ní dídán, mi ò kúrò níwájú rẹ̀. Níkẹyìn ó fa ọ̀kan jáde lábẹ́ tábìlì: dúdú, kò dán, ó rí hánrahànra bí aṣọ òfì tuntun. Ó ní ooru kì í yọ́ ọ.

Nílé, mo fara balẹ̀ fi wé wáyà, ìyípo kan ń gorí ìdajì èkejì. Mo fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láìwé kí omi lè máa kán jáde.

Òjò dé. Mo la omi kọjá lọ sí Ìkọ́gà, mo sì gùn ún padà wálé. Láàárọ̀ òní, Sẹ̀nàmi múra ṣọ́ọ̀ṣì, kò rí ọkọ̀. Ó wo máṣíìnì títí, ó wá fẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn mi bí ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ti máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ má ba gèlè mi jẹ́."

Ẹ̀kọ́ mi ni pé kí a má fi dídán yan téèpù. Ká bi ara wa pé ooru wo, omi wo, iyọ̀ wo ni wáyà yìí máa bá pàdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí omi, kí lẹ fi ń wé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Màá kà á tí mo bá dé, Sẹ̀nàmi ti ní kí n máa bọ̀ wá gbé òun ní ṣọ́ọ̀ṣì.