Ìgò Ìtọ̀ Sàká

Mísbáù tó ń ta ọṣẹ àti mílíìkì ní Darkuman, nílùú Accra, ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ohun tí Sàká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn. Sàká ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú, òun náà ló gba ìsọ̀ àkọ́kọ́ fún un.

Sàká ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wọn ní Adabraka. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, oṣù mẹ́rin ló fi bò ó mọ́ra. Ẹ kúkú mọ̀ wá: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, atọ̀sí ni gbogbo ẹnu máa pè é, ládàánì á wá di oníṣekúṣe! Mísbáù ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà, obìnrin kan báyìí, fi Twi ṣàlàyé fún wọn. Èrò tó ń dúró de kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ inú àpò ìtọ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò bóyá àmì jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí àmì bá hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á sáré gbà sí ọsibítù fún kámẹ́rà. Ẹni tí àmì kò bá hàn nínú tirẹ̀ á gba oògùn lọ sílé. Ó fún Sàká ní ìgò pé kó tọ̀ sí i láàárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sàká na ìgò náà sí àbúrò rẹ̀. "Tọ̀ sí i."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ìtọ̀ yín ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé wá."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n so yìgì Afeefah ọmọ mi. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni kí àwọn àna ti wá kí mi?"

Mísbáù wọ balùwẹ̀ lọ, ó tọ̀ sí i.

Àmì kankan kò hàn. Kí ni ì bá hàn? Dókítà kọ oògùn, ó ní kí Sàká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọ́n so yìgì, Sàká ṣe àdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Mísbáù bá wọn pín oúnjẹ.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, egungun lásán ló kù lára Sàká. Wọ́n wá ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Jẹjẹrẹ ti jẹ àpò ìtọ̀ kọjá, ó ti dé eegun. Dókítà ní, "Ká ní a tètè rí i ni, à bá gé e kúrò. Àyẹ̀wò yẹn ló tàn mí jẹ. Mi ò ní gbára lé e mọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Sàká ń mi orí sí àbúrò rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kó dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé Mísbáù nìyí tí kò gbọ́ràn.

"Dókítà, àyẹ̀wò yín ò purọ́ o. Ìtọ̀ tèmi ni."

Sàká kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò sí i láyé, kò pe orúkọ Mísbáù mọ́ títí ó fi kú. Ó ń dun Mísbáù dòní. Kì í ṣe pé ó sọ ọ́ ló ń dùn ún. Pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ ni.