Àǹtí Radka àti Ẹ̀wà Kẹfà

Ẹ̀wà ńláńlá mẹ́fà ni Àǹtí Radka dà sínú abọ́ omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè wo èyí tó máa rì àti èyí tó máa léfòó. Nígbà tó máa tún un kà, márùn-ún ló kù. Yavor, ọmọ ọdún méjì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

“Mo kú o! Ọmọ ti gbé e mì!”

Ó dorí Yavor kodò, ó ń gbá a lẹ́yìn. Búrẹ́dì ló bọ́ sílẹ̀. Wọ́n sáré lọ pe nọ́ọ̀sì, ìyá Yavor ti káwọ́ lérí. Ìgbà náà ni Penka tó ń se oúnjẹ àwọn ọmọ yọjú láti ilé ìdáná.

“Radka, kí ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú báyẹn?”

Àǹtí Radka fi ahọ́n wá ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀wà kẹfà wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jù ú sẹ́nu, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè há ọmọ lọ́fun.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kó fi ẹ̀wà ṣeré mọ́. Ọmọ mẹ́sàn-án péré la ní lábúlé wa, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, láti ọmọ ọdún méjì dé mẹ́fà. Eré tó dùn mọ́ àwọn ńlá lè pa àwọn kékeré. Ló bá mú páálí róbótó tí wọ́n ń ká bébà ìnudìí sí: ohun tó bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀dùnkún rọ́pò ẹ̀wà, ápù rọ́pò bọ́tìnì.

Nígbà òtútù, alábẹ̀wò kan tó ń jẹ́ Kamenov dé láti ìlú. A ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ti ilé jẹ́lé-ó-sinmi náà pa. Ọwọ́ Àǹtí Radka ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó dínà mọ́ ọn.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ bọ́ kóòtù yín.”

“Nínú òtútù yìí? Kí ló dé?”

“Bọ́tìnì yín gba inú páálí mi kọjá.”

Nígbà tí Kamenov fi máa wọlé, ó ń gbọ̀n ju olùkọ́ lọ.

“Sáyẹ́ǹsì wo ni ọmọ ọdún méjì fẹ́ ṣe láàárín àwọn ńlá wọ̀nyí?”

Kí Àǹtí Radka tó dáhùn, Yavor ti gbé fìlà alábẹ̀wò jù sínú abọ́ omi wọn. Ojú olùkọ́ dà bí eérú. Fìlà léfòó díẹ̀, ó sì wọmi lọ.

“Ó rì!” ni Yavor pariwo. A ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ọmọ yìí rí.

“Kò kàn rì bẹ́ẹ̀,” ni Bilyana, ọmọ ọdún mẹ́fà, wí. “Ó kọ́kọ́ mumi yó ná.”

“Ta ló kọ́ ọ?” ni Kamenov bi í.

“Yavor ló ṣe é, sà. Èmi kàn ń wò ó ni.”

Kamenov fún fìlà rẹ̀ gbẹ, ó sì kọ̀wé títí. Wọn ò ti ilé náà pa. Àǹtí Radka ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, bí mọ́tò bá ti dún lójú ọ̀nà, á ní, “Wọ́n ti dé!”

Àìsàn ọkàn ló mú un lọ, nígbà tí yìnyín ń yọ́. A jẹ àlìkámà sísè létí sàréè rẹ̀ bí àṣà ìsìnkú wa, a sunkún. Lọ́jọ́ Ajé, Penka ṣílẹ̀kùn, a fa ọmọ lé e lọ́wọ́, àmọ́ kò sí ìyá tó lè kúrò lẹ́nu géètì. Ká ní Àǹtí Radka wà ni, á ti lé wa bó ṣe máa ń lé wa láràárọ̀: “Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín jàre! Ẹ gbé ẹ̀rù yín kalẹ̀ fún mi, èmi ni mo mọ̀ ọ́n gbé.”

Lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù wa gbé tirẹ̀ lọ. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.