Iná Pupa ti Eustache Adéchinan

Eustache Adéchinan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí ilé rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè lọ́nà Kèrè ní Dassa, ti pààrọ̀ iná ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ tí à ń wí yìí kò tóbi ju ológbò tó yó lọ. Ó ní táyà mẹ́rin tó rọ̀, ó ní bátìrì kan nínú ikùn, ẹni tó ni ín a sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tẹlẹkọmáǹdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, lọ́wọ́, a máa fi í gun àpáta díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín.

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó yẹ kó mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni Eustache ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òwú ló ń kó láti Parakou lọ sí èbúté Cotonou. Bí ọkọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà bá tò tẹ̀lé ara wọn lójú títì, tirẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Juvénal, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ló ra ọkọ̀ kékeré náà fún ọmọ tirẹ̀, tí wọ́n sì gbé e wálé nígbà ìsinmi. Ọmọ náà ti padà síléèwé. Ọkọ̀ kò bá a lọ.

Àwọn mẹ́ta ló ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré lórí àpáta ẹ̀yìn ilé Eustache ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé: òun fúnra rẹ̀, Rébecca tó ń ta oògùn nínú ìlú, àti Désiré, olùkọ́ ìṣirò tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n máa ń dúró kí ilẹ̀ ṣú, nítorí inú òkùnkùn ni adùn eré náà wà. Ẹni tó wà níwájú ló ń yan ọ̀nà, àwọn yòókù a tẹ̀ lé iná rẹ̀. Eustache ló ń ṣíwájú. Kò sẹ́ni tó yàn án.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iná iwájú ọkọ̀ Eustache funfun kinniwin. Eruku ọyẹ́ ń gba iná náà, ó ń dá a padà sí i lójú, àpáta tó mọ́ lára sì ń dá èyí tó kù padà. Ní Sátidé kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ rẹ̀ ṣubú sínú pàlàpálá àpáta kan náà.

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́,” ni Rébecca wí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Faransé, “tí ẹ bá tún ṣubú síbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni màá ṣíwájú. Kí ẹ̀yin wá máa wo ẹ̀yìn mi.”

“Ẹ̀yìn ta ni?”

“Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, Tonton.”

Désiré wúkọ́. Eustache kò rẹ́rìn-ín. Josiane ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí oorun sùn mọ́jú, nítorí ẹni tí kò tẹ̀ lé ẹlòmíì rí lójú títì ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì lórí ibùsùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rántí àwọn ọkọ̀ Faransé tó fi kọ́ iṣẹ́. Iná iwájú wọn kì í ṣe funfun. Àwọ̀ ìyeyè ni, kì í gún ni lójú, ó sì máa ń fi ojú ọ̀nà hàn nínú eruku. Iná pupa ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó gba ọjà Dassa lọ, sọ́dọ̀ Ràsáàkì tó ń ta ohun èlò iná.

“Ràsáàkì, fún mi ní iná pupa kéékèèké méjì.”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni?”

“Iwájú ni. Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?”

“Kí n má rí i, Bàbá. Kó pọ́n dáadáa?”

“Kó pọ́n dáadáa.”

Ràsáàkì fún un ní méjì. Gíláàsì wọn mọ́ bí omi. Kí irú iná bẹ́ẹ̀ tó tàn, kò sẹ́ni tó lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Eustache fi wọ́n sápò láìdán wọn wò. Nígbà tó dé ilé tó sì tàn wọ́n, wọ́n pọ́n bí ogbe àkùkọ.

“Bàbá Juvénal,” ni Josiane wí láti ẹnu ọ̀nà, “ṣé ẹ̀yìn ni ọkọ̀ yín ń rìn sí báyìí ni?”

“Bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn kí wọ́n tó mọ́ ni lójú.”

“Ojú ta ni? Ewúrẹ́ ti sá.”

Ó kúkú gbé e lọ sórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Iná pupa bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Ihò, òkúta àti ewé gbígbẹ di ohun kan ṣoṣo. Rébecca tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rí ojú pupa méjì lójú ọ̀nà. Ó rò pé ọkọ̀ náà ń lọ ni, bí gbogbo ẹni tó ti rin ojú títì yóò ṣe rò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so bàtà rẹ̀, àfi ìgbà tí táyà gùn ún lẹ́sẹ̀.

“Yéè! Tonton! Mo ní ẹ ń lọ ni, àṣé ẹ ń bọ̀!”

“Mo ń bọ̀ ni.”

“Ẹ rọra máa bọ̀ o. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe àpáta.”

Lọ́jọ́ kejì, Eustache tún dúró níwájú Ràsáàkì.

“Iná ẹ̀yìn lo tà fún mi.”

“Pupa lẹ ní kí n fún yín, Bàbá.”

“Èyí kì í ṣe pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni.”

“Àwọ̀ wo wá ni ẹ̀jẹ̀?”

Eustache ronú díẹ̀. “O mọ ìyàwó mi. Ṣé dúdú ni àbí pupa?”

“Pupa ni Màmá. Wọ́n pupa dáadáa, kí Ọlọ́run dá wọn sí.”

“Ṣé ó jọ iná ẹ̀yìn ọkọ̀?”

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ràsáàkì fọwọ́ lérí. “Bàbá, ẹ kúkú sọ ọ́ ní Faransé, ẹ gbà mí.”

“Jaune.”

“Jaune! Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàná?”

“Mo rò pé èdè wa là ń sọ.”

Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Epo, ìyeyè tó pọ́n, obìnrin tó mọ́ lára àti erùpẹ̀ Dassa, pupa ni èdè wa ń pe gbogbo wọn, ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ kò sì mọ̀ pé a ó máa wa ọkọ̀ tó tó ológbò lórí àpáta. Lọ́tẹ̀ yìí, Ràsáàkì fi bátìrì tan iná jaune, ti àwọ̀ ìyeyè, kó tó tà á. Eustache kò dá èyí àkọ́kọ́ padà. Ó kàn wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n wà.

Ní Sátidé, eruku pọ̀ bí ìyẹ̀fun. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ìyeyè náà rọra tẹ́ sórí àpáta, gbogbo lílà rẹ̀ sì ní òjìji tirẹ̀. Wọ́n dé ibi pàlàpálá náà.

“Tonton, ibùsùn yín rèé o,” ni Rébecca wí.

Eustache yà sósì. Táyà ọ̀tún rọ̀ sófo díẹ̀, táyà òsì di etí àpáta mú, ọkọ̀ sì rékọjá. Rébecca tẹ̀ lé iná ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà rékọjá, ó pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ náà ṣe ń dún lọ́wọ́ ni Eustache, tó na ọrùn síwájú, wa ọkọ̀ tààrà lọ kọlu kùkùté igi kan. Táyà ń yí, ọkọ̀ kò lọ.

“Ṣé mo ṣubú?” ló béèrè.

“Ẹ ò ṣubú.”

“Ó tán.”

“Tonton, kùkùté yẹn ga ju ọkọ̀ yín lọ. Iná yín sì wà lára rẹ̀.”

“Eruku ni.”

Désiré sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà. “Kò sí eruku níbẹ̀.”

“Iná ti dáa,” ni Rébecca wí, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ojú ló kù.”

Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Eustache tẹnu mọ́ ọn pé orí ìṣubú ni àdéhùn wà, pé kò sẹ́ni tó dárúkọ kùkùté. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Òun ni yóò máa ṣíwájú lọ, bó bá lọ rí dókítà ojú tó máa ń wá sí ìlú lóṣooṣù. Rébecca ló lọ gba ọjọ́ fún un. Nígbà tí Josiane gbọ́, ó béèrè bóyá dókítà náà ń yẹ etí wò pẹ̀lú, nítorí ó ti pẹ́ tí ọkọ òun ti gbọ́ “ẹ wá jẹun” gbẹ̀yìn lórí àpáta yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ni Eustache yóò wà níwájú dókítà, tòun ti Josiane.