Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyá Wa Kúnlẹ̀ fún Mísì

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìkìlọ̀ náà wọlé sórí fóònù mi. Obìnrin tó jẹ́ alága àwa òbí kíláàsì àwọn ọmọ wa, níbí ní Mowé, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Tíṣà ìṣirò ti kọ̀wé pé òun ń fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tí táàmù yìí bá parí. Ó ní ó ti rẹ òun. Ta ni kò rẹ̀? Tí a bá jẹ́ kó lọ, bí ẹran tó já wọ ọjà ni àwọn ọmọ wa ṣe máa wọ yàrá ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, ká pàdé ní ibùdókọ̀ Lotto, ká lọ bá a nílé, ká kúnlẹ̀ fún un. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí ìyá mẹ́wàá lórí ìkúnlẹ̀ tó máa ní òun kò gbọ́."

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, "Mo ń bọ̀." Àbíkẹ́yìn mi wà ní kíláàsì náà, ìṣirò sì ni ẹrù tó wúwo jù lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà tí mo bí i, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Tí mo bá rán an ní búrẹ́dì ní ìkòríta, aago ni mo máa ń wò títí á fi dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi òróró pa orúnkún mi, nítorí orúnkún ẹni ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ohun tí a ń gbé kalẹ̀ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti ń pa á ni ọwọ́ mi ti dúró.

Nígbà tí eyín ọmọdé ṣì ń ká lẹ́nu mi, Ifọ̀ ni à ń gbé. Láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa dé ojú irin kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo mọ̀ nítorí mo kà á. Obìnrin ni tíṣà wa ní kíláàsì kẹrin. Mísì ni a ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo tíṣà obìnrin nígbà náà. Apá Ọ̀ṣun ló ti wá, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé wa, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n kò mọ bí n ṣe lè jẹ́ kí ẹ rí obìnrin yìí bí mo ṣe rí i. Tí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ a máa mì, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ẹnikẹ́ni. Mísì á dákẹ́, á gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, á dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Tí rélùwéè náà bá kọjá tán, láti ibi tó ti dákẹ́ gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ "márùn-ún lọ́nà" ló ti sọ, "mẹ́fà" ló máa kọ́kọ́ jáde. Èmi a máa di ọ̀rọ̀ náà mú lọ́kàn, kí n lè mọ̀ bóyá yóò gbàgbé. Kò gbàgbé rí.

Méjìlélógójì ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tíṣà kíláàsì kẹrin kejì kó lọ sí Èkó, wọ́n kó àwọn ọmọ tirẹ̀ mọ́ wa, a di mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Àwọn ìyá wa tún bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ́ wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ tí a bá jáde nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń kọ́ wa títí ìmọ́lẹ̀ fi máa tán lójú sánmà. Tí a bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mísì," á ní, "A dúpẹ́." Ìyẹn ti tó fún wa.

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Orógbó ni a mọ̀ sí oògùn ohùn, nítorí náà orógbó ni àwọn ìyá wa ń fi rán wa sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ka mẹ́rìnlá lórí tábìlì rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó dúpẹ́, ó sì yíjú sí pátákó. Orógbó mẹ́rìnlá, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo kó fi dákẹ́.

Ó wá sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé òun fẹ́ padà sílé lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ìyá ti gbọ́. Márùn-ún nínú wọn ló lọ bá a, ìyá mi ló ṣáájú. Ó mú èmi náà dání, ó ní kí Mísì lè rí ojú mi.

Mísì ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí a dé. Kó tó nu ọwọ́ tán, wọ́n ti wà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn obìnrin tó tó bí i lọ́mọ. Òun náà ju aṣọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni à ń bẹ̀, Mísì," ìyá mi ní.

"Ó ti rẹ̀ mí ni, mà."

"Ó ń rẹ gbogbo wa. Ta ló gbọ́ pé àárẹ̀ ń lé èèyàn nídìí iṣẹ́?"

Èyí tó ń ta epo nínú wọn kò lè ṣe kó má ṣàwàdà. Ó ní, "Mísì, ilẹ̀ yìí le, mo sì sanra. Tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dáhùn, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni mẹ́rin tó máa gbé mi dìde."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mísì náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nínú ẹ̀rín náà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. N kò lọ mọ́."

Ìyá mi ń kọrin títí a fi délé. Èmi náà ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mísì la ẹnu láti kí wa, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "Ẹ káàárọ̀" sójú pátákó, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ wa láìsọ̀rọ̀. Tó bá fi rúlà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, a ó kọ. Tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, a ó kà. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ẹ lè gbọ́ ìró eṣinṣin láàárín wa. Ní ọjọ́ kìíní náà, rélùwéè kọjá. Gbogbo wa ń wò ó, à ń retí kó dúró bó ṣe máa ń dúró. Kò dúró. Ilé ń mì, etí wa di, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ń lọ lórí pátákó, nítorí rélùwéè kò rí ohùn gbà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Títí di òní, n kò tíì rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi sì sọ ọ́ ká àdúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́ iṣẹ́ ìyanu. Àìsàn ni, iṣẹ́ ìyanu ni a pè é. A tún fi orógbó ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí táàmù parí, a wọlé, Mísì kò sí. Ó ti bá rélùwéè ìdájí lọ, òun àti àpótí kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ̀ pé tí òun bá sọ ọ́, wọ́n á tún kúnlẹ̀. Ó ti kọ ogún ìṣirò tí a ó ṣe nígbà ọlidé sójú pátákó. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Ẹ bá mi kí àwọn ìyá yín. Ẹ ní kí wọ́n dìde."

Mo dà á kọ sínú ìwé mi, mo lọ kà á fún ìyá mi lẹ́bàá ààrò. Ó jókòó ti ọbẹ̀ náà títí ó fi jóná.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá ọwọ́ mi dúró lórí orúnkún mi. Mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Báwo ni tíṣà ìṣirò yín ṣe rí?"

"Bí i báwo, Mọ́mì?"

"Ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀."

"Ohùn rẹ̀ ti há. Magboro ló ń gbé, kíláàsì méje ló ń kọ́. Tó bá ti fún wa níṣẹ́ ṣe, á gbé orí lé tábìlì. Á ní, 'Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí n mí.'"

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń fún un ní mẹ́wàá. Èmi ni mo máa ń wo aago."

Mo wo ọmọ náà bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí i. Ohun tí ìyá márùn-ún kò rò nígbà náà, àwọn ọmọ yìí ti ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ wọn.

Ayé ti yí lóòótọ́. Ní ìgbà tiwa, ńṣe ni tíṣà tó ti rẹ̀ ń sá lọ ní ìdájí. Èyí kọ̀wé, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ìdánwò ọmọ mi ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìkúnlẹ̀ gbé èèyàn dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ wá sí Lotto lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin, bí a ṣe sọ. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ tíṣà, ká kí i, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì lọ bi ilé ẹ̀kọ́ léèrè ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kúnlẹ̀. Orí ìdúró ni kí gbogbo wa wà.